Lucille Ball àti Ìbéèrè Ẹni tí Ó Ni Iṣẹ́: Òṣèré-bìnrin Kan nínú Ìtàn Tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, 1951–1967

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ìgbésí ayé àti iṣẹ́ Lucille Ball, òṣèré-bìnrin ará Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1911, tí ó sì kú ní ọdún 1989. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì létí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ díẹ̀ nípa ìtàn tẹlifíṣàn. Eré àwàdà tí a pè ní I Love Lucy, tí ilé-iṣẹ́ CBS ń gbé jáde láti ọdún 1951 títí di ọdún 1957, ni ó sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ nípa rẹ̀ ni ó dá lé ẹ̀rín: bí ó ṣe ń yí ojú padà, bí ó ṣe ń ṣubú, bí ó ṣe ń fi ara dárà. A kò tako ìyẹn. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé ẹ̀rín nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi wà títí di òní nígbà tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ohun ìgbàgbé.

Ìbéèrè tí ó wà ní ọkàn iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: bí òṣèré bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ta ni ó ni iṣẹ́ náà? Ṣé òṣèré fúnra rẹ̀ ni, àbí ẹni tí ó sanwó fún un, àbí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ tí a fi tan iṣẹ́ náà kálẹ̀? A ó fi hàn pé àdéhùn kan tí Lucille Ball àti ọkọ rẹ̀, Desi Arnaz, bá CBS ṣe ní ọdún 1951 ni òpó tí gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín obìnrin tí àwọn òǹwòran rí nínú eré àti obìnrin tí ó ni eré náà.

Ó yẹ kí a sọ ohun kan nípa ẹ̀rí kí a tó tẹ̀ síwájú. Desi Arnaz kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1976. Lucille Ball náà kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1996, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ó tó jáde. Tọkọtaya tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Olúkúlùkù ni ó sì ní ẹjọ́ tí ó ń rò. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti bá àkọsílẹ̀ ìgbà náà mu ni a ó gbé ẹsẹ̀ lé.

2.0 Ìbẹ̀rẹ̀ Ayé Rẹ̀: Ọdún Méjìdínlógún lábẹ́ Ọ̀gá

Ìlú Jamestown, ní ìpínlẹ̀ New York, ni a ti bí Lucille Désirée Ball ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1911. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ibà táífọ́ọ̀dù pa bàbá náà ní ọdún 1915, nígbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún mẹ́rin, tí oyún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì wà nínú ìyá wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ìyá rẹ̀ ní Celoron, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Jamestown, ni ó ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀, Fred Hunt, jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó gba ìlànà àwọn sòṣálíìsì gbọ́ tọkàntọkàn. A ó tún padà bá ọkùnrin yìí pàdé níwájú.

Ní ọdún 1927, àjálù kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà. Níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi ìbọn yin àmì lẹ́yìnkùlé, ọta ba ọmọ aládùúgbò kan, ọmọ náà sì yarọ. Ẹjọ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ó gba ilé lọ́wọ́ bàbá àgbà. Kò ṣòro láti rí i pé ọmọ tí ó bá ti kékeré mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé ilé bọ́ lọ́wọ́ ẹni yóò mọ iyì ohun ìní. A kò sọ pé èyí nìkan ni ó fà á tí ó fi ṣe ohun tí ó ṣe lẹ́yìnwá ọ̀la, ṣùgbọ́n kò yẹ kí òpìtàn fojú fò ó.

Ìgbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyá rẹ̀ rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe ní ìlú New York. Bette Davis, tí òun náà di gbajúgbajà, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ojú ń ti Lucille, kò lè sọ̀rọ̀ sókè, àwọn olùkọ́ sì sọ pé kò ní ẹ̀bùn. Ó padà sílé. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ fún àwọn oníbàárà wò ní ilé ìránṣọ Hattie Carnegie ní New York, kí àìsàn tí ó mú un ní ẹsẹ̀ tó dá iṣẹ́ náà dúró fún ìgbà pípẹ́.

Ọdún 1933 ni ó dé Hollywood láti kópa gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọge tí wọ́n ń jó lẹ́yìn olórí òṣèré nínú fíìmù Roman Scandals. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ láti ilé-iṣẹ́ sinimá kan sí òmíràn. Ó pẹ́ jù lọ ní RKO, níbi tí ó wà láti ọdún 1935 títí di ọdún 1942, kí ó tó bọ́ sí MGM. Ó kópa nínú fíìmù púpọ̀. Nínú wọn ni Stage Door ti ọdún 1937 àti The Big Street ti ọdún 1942, nínú èyí tí òun àti Henry Fonda jọ ṣeré. Síbẹ̀, kò di ìràwọ̀ ńlá. Inágijẹ tí wọ́n fún un ni ọbabìnrin àwọn fíìmù onípò kejì, èyí tí owó kékeré ni a fi ń ṣe wọn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún àríyànjiyàn wa ni irú àjọṣe tí ó wà láàárín òṣèré àti ilé-iṣẹ́ ní àkókò yẹn. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń yan fíìmù tí òṣèré yóò ṣe. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń pinnu àwọ̀ irun rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni ó sì ni fíìmù náà. Owó ọ̀sẹ̀ ni ti òṣèré. Ọdún méjìdínlógún gbáko, láti 1933 sí 1951, ni Lucille Ball fi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣàn, ó ti pé ọmọ ogójì ọdún, kò sì ní fíìmù kan ṣoṣo tí ó lè nawọ́ sí pé tèmi ni èyí.

3.0 Desi Arnaz àti Orúkọ Ọbalúayé

A bí Desi Arnaz ní Santiago de Cuba ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta, ọdún 1917. Ọlọ́lá ni ìdílé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni olórí ìlú Santiago. Nígbà tí ìjọba Machado dojú dé ní ọdún 1933, wọ́n sọ bàbá rẹ̀ sẹ́wọ̀n, wọ́n sì kó ohun ìní ìdílé náà. Bí Desi ṣe di ẹni tí ó sá wá sí Miami nìyẹn. Ìlù ni ó fi ń jẹun. Ìlù kọ́ńgà ni ó sì sọ ọ́ di olókìkí. Òun àti Lucille pàdé ní ọdún 1940 níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù Too Many Girls ní RKO. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún náà.

Orin tí Desi fi ń ṣe àmì ara rẹ̀ ni Babalú, èyí tí Margarita Lecuona, obìnrin olórin ará Kúbà, kọ. Miguelito Valdés ti kọ orin náà di olókìkí kí Desi tó mú un lò. Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ nípa èdè àti àṣà Yorùbá. Babalú-Ayé tí àwọn Lùkùmí ní Kúbà ń bọ, tí àwọn ìjọ Páàdì pa pọ̀ mọ́ Lásárù mímọ́, kò ju Ọbalúayé tiwa lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, ni wọ́n gbé òrìṣà náà débẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Ricky Ricardo, ìyẹn Desi nínú eré, bá gbé ìlù kọ́rùn tí ó sì kígbe Babalú, orúkọ tí a ti ń pè ní ojúbọ nílẹ̀ Yorùbá ni ó ń dún nínú yàrá àlejò àwọn ará Amẹ́ríkà.

A kò gbọdọ̀ sọ ju bí ó ti yẹ lọ. Desi kì í ṣe abọ̀rìṣà. Gẹ́gẹ́ bí olórin ni ó fi ń kọ ọ́. Àwọn òǹwòran kò mọ̀ pé orúkọ òrìṣà ni, débi tí wọn yóò fi mọ irú òrìṣà tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan. Ọbalúayé fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ àpọ́nlé. Nílé, a kì í ṣàdédé pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ. A máa ń sọ pé Olóde, tàbí kí a sọ pé Ilẹ̀gbóná, nítorí ọ̀wọ̀ àti nítorí ẹ̀rù. Orúkọ tí ẹ̀rù rọ̀ mọ́ báyìí di ohun ìdárayá ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Àwọn tí ó ni orúkọ náà kò sí níbi tí a ti ṣe àdéhùn, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n. Bí a bá ń bèèrè ẹni tí ó ni iṣẹ́, ó yẹ kí a rántí pé ìbéèrè náà kò mọ sọ́dọ̀ Lucille Ball.

4.0 Àdéhùn Ọdún 1951

Láti ọdún 1948 ni Lucille Ball ti ń ṣe eré My Favorite Husband lórí rédíò CBS. Àwọn tí ó ń kọ ọ́ ni Jess Oppenheimer, Madelyn Pugh àti Bob Carroll, tí wọ́n tún wá kọ I Love Lucy. Nígbà tí CBS fẹ́ gbé irú eré bẹ́ẹ̀ lọ sórí tẹlifíṣàn, Lucille ní àfi bí ọkọ òun bá jẹ́ ọkọ òun nínú eré. Àwọn ọ̀gá CBS kọ̀. Wọ́n ní àwọn òǹwòran kò ní gbà pé ọkùnrin ará Kúbà tí ahọ́n rẹ̀ kò yọ̀ mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ọkọ obìnrin aláwọ̀ funfun ará Amẹ́ríkà. Ìdáhùn tọkọtaya náà ni pé wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1950, wọ́n pè é ní Desilu, wọ́n sì gbé eré kékeré kan káàkiri àwọn ilé ìṣeré kí ojú àwọn aráàlú lè rí i. Àwọn aráàlú rẹ́rìn-ín. CBS gbà.

Ìṣòro kejì wá dìde. Ní ọdún 1950, nínú ilé 100 ní Amẹ́ríkà, bí 9 ni ó ní tẹlifíṣàn. Ìlà oòrùn ni púpọ̀ nínú àwọn òǹwòran wà, New York ni a sì ti ń ṣe ọ̀pọ̀ eré ní ojú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń gbé e jáde. Àwọn ará ìhà kejì orílẹ̀-èdè náà kì í rí ju àwòrán tí a fi kámẹ́rà yà láti ojú tẹlifíṣàn lọ; àwòrán náà sì máa ń ṣú. Ilé-iṣẹ́ sìgá Philip Morris, tí ó jẹ́ onígbọ̀wọ́, fẹ́ kí wọ́n wá máa ṣe eré ní New York. Tọkọtaya náà kò fẹ́ kúrò ní Hollywood. Ilé wọn wà nítòsí ibẹ̀, ní oṣù keje ọdún 1951 ni Lucille sì bí ọmọ wọn àkọ́kọ́. Àbá tí wọ́n dá ni pé kí a ṣe eré náà sórí fíìmù gidi, kí àwòrán tí New York yóò rí lè dára bíi ti Hollywood.

Fíìmù wọ́n ju eré ojú ẹsẹ̀ lọ. CBS àti onígbọ̀wọ́ kò fẹ́ ru gbogbo ẹrù náà. Nígbẹ̀yìn, Lucille àti Desi gbà kí a gé 1,000 dọ́là kúrò nínú owó wọn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì béèrè pé kí Desilu ni fíìmù náà. CBS yọ̀ǹda. Ó yẹ kí a lóye ìdí tí ó fi yọ̀ǹda. Ní ọdún 1951, ojú ìwé ìròyìn àná ni wọ́n fi ń wo eré tẹlifíṣàn tí a ti gbé jáde tán. Ta ni yóò san owó láti tún wo ohun tí ó ti wò? Ẹni tí ó da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń da omi náà, ó jọ lójú àwọn oníṣòwò pé wọ́n ń fi í ṣòfò ni.

Láti ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n pe Karl Freund, àgbà oníkámẹ́rà tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí fíìmù Metropolis ní Jámánì. Kámẹ́rà mẹ́ta ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan náà níwájú òǹwòran bí 300, Freund sì to iná lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ fi bá kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Kì í ṣe àwọn ni ó kọ́kọ́ fi fíìmù ṣe eré tẹlifíṣàn, kì í sì í ṣe àwọn ni ó kọ́kọ́ lo kámẹ́rà tí ó ju ọ̀kan lọ; àwọn mìíràn ti dán an wò ṣáájú. Ohun tí ó jẹ́ tiwọn ni pé wọ́n pa á pọ̀ mọ́ eré alátòtẹ̀lé, wọ́n sì mú kí ó dúró débi pé àwọn ẹlòmíràn fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1951 ni apá kìíní jáde. Apá 180 ni wọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́fà. Nínú ìgbà eré mẹ́fà náà, mẹ́rin ni I Love Lucy fi jẹ́ eré tí àwọn ènìyàn wò jù lọ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Lucille bímọ kejì, tí ó sì nílò ìsinmi, wọ́n tún àwọn apá tí ó ti jáde tẹ́lẹ̀ gbé jáde. Àwọn ènìyàn tún wò ó. Ibẹ̀ ni ó ti hàn pé ojú ìwé ìròyìn àná ṣì ṣe é tà.

5.0 Obìnrin inú Eré àti Obìnrin tí Ó Ni Eré

Lucy Ricardo inú eré jẹ́ ìyàwó ilé ní New York. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ olórin. Àwọn onílé wọn, Fred àti Ethel Mertz, tí William Frawley àti Vivian Vance ṣe, ni ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́. Ohun tí Lucy ń wá kò ju pé kí òun náà bọ́ sórí ìtàgé. Ọkọ rẹ̀ ní rárá. Yóò wá ọgbọ́n dá, ọgbọ́n náà yóò dàrú, yóò sì padà sílé. Nínú apá kan tí ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1952, ó yọ́ wọlé láti ṣe ìpolówó oògùn amáralókun kan, oògùn náà sì pa á bí ọtí. Nínú òmíràn, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, òun àti Ethel lọ ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń di ṣokoléètì, ẹ̀rọ ń sáré jù wọ́n lọ, wọ́n sì ń jẹ èyí tí wọn kò lè dì; lọ́wọ́ kan náà, àwọn ọkọ wọn ń ba ilé ìdáná jẹ́ nílé.

Èrò àwọn onímọ̀ pín sí méjì lórí èyí. Àwọn kan sọ pé eré náà ń kọ́ obìnrin pé ilé ni àyè rẹ̀, nítorí pé nílé ni Lucy máa ń parí ọ̀rọ̀ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé ìkúnsínú àwọn ìyàwó ilé ìgbà náà ni ó gbé jáde, àti pé bí Lucy ṣe ń jáde lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣe kókó, kì í ṣe bí ó ṣe ń padà. Ní tiwa, àwọn méjèèjì wo inú eré nìkan. Bí a bá wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, a ó rí i pé obìnrin tí ó ń ṣe bí ẹni tí ọkọ kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ni igbá kejì nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ni iṣẹ́ náà, tí ó sì ń gba owó tí ó ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin Hollywood lọ. Eré náà ń ta àwòrán ìyàwó tí kò ní nǹkan kan, owó tí wọ́n sì ń rí nínú títa àwòrán náà ni ó sọ aya náà di onínǹkan.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1950, Ethel Waters di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí òṣèré nínú eré àwàdà alátòtẹ̀lé lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, nínú eré Beulah. Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé àwọn aláwọ̀ funfun ni ó ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, Hattie McDaniel àti Louise Beavers náà ṣe ipa kan náà kí eré náà tó dópin. Ẹ̀bùn kò wọ́n àwọn obìnrin wọ̀nyí. McDaniel ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, ní ọdún 1940. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ gbà kí wọ́n ní eré tí wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, bí a bá ń yin ìgboyà Lucille Ball, kí a má gbàgbé pé ilẹ̀kùn tí ó kàn ṣe é ṣí fún ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú tirẹ̀.

6.0 Ìdánwò Méjì: Oyún àti Ẹ̀sùn Kọ́múníìsì

Ní ọdún 1952, Lucille lóyún. Àṣà iṣẹ́ ni pé kí òṣèré fara pamọ́ títí yóò fi bí. Àwọn méjèèjì kọ̀. Wọ́n ní kí Lucy inú eré náà lóyún. CBS gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fòfin de ọ̀rọ̀ náà gan-an. A kò gbọdọ̀ sọ lórí tẹlifíṣàn pé obìnrin lóyún. Ohun tí a lè sọ ni pé ó ń retí ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà tiwa náà ṣe máa ń sọ pé obìnrin fẹ́ra kù. Wọ́n ní kí àlùfáà Páàdì kan, àlùfáà Protẹ́sítáńtì kan àti rábì àwọn Júù kan ka àwọn apá eré náà kí ó má baà sí ohun ìtìjú nínú wọn. Ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 1953 ni Lucy bímọ nínú eré. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Lucille bímọ ní ti gidi nípa iṣẹ́ abẹ. Bí mílíọ̀nù 44 ènìyàn ni ó wo apá náà. Ọjọ́ kejì ni a búra fún Ààrẹ Eisenhower. Bí mílíọ̀nù 29 ni ó wo ìyẹn.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí ni ìdánwò kejì dé. Ní ọdún 1936, Lucille ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò fún ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1953, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tí ó ń wá àwọn Kọ́múníìsì kiri pè é wá jẹ́rìí. Ó sọ pé láti tẹ́ bàbá ìyá òun lọ́rùn ni òun ṣe ṣe é, àti pé òun kò dìbò fún ẹgbẹ́ náà rí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí etí aráyé nípasẹ̀ Walter Winchell, akọ̀ròyìn. Ìgbà yẹn kì í ṣe ìgbà ṣeréṣeré. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ òṣèré àti òǹkọ̀wé. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀sẹ̀ náà, Desi jáde sí àwọn òǹwòran, ó ní irọ́ ni, ó sì fi kún un pé kò sí ohun tí ó pupa lára aya òun ju irun rẹ̀ lọ, àti pé irun náà pàápàá kì í ṣe àbínibí. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Onígbọ̀wọ́ kò fi wọ́n sílẹ̀.

Kí ni ó yọ ọ́? A lè sọ pé ìfẹ́ àwọn aráàlú ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Òṣèré tí ilé-iṣẹ́ gbà síṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ lè lé. Bí CBS àti Philip Morris bá lé Lucille Ball, eré tí ó ń mú owó wọlé jù lọ ni wọ́n ń lé lọ, fíìmù tí wọ́n sì ti gbé jáde kì í ṣe tiwọn. Ohun ìní di apata fún un níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dúró láìní apata.

7.0 Láti Ipò Òṣèré sí Ipò Ọ̀gá

Nígbà tí I Love Lucy ń parí lọ, Desilu ta ẹ̀tọ́ àwọn apá eré náà fún CBS. Iye rẹ̀ wà láàárín mílíọ̀nù 4 sí 5 dọ́là. Ní òpin ọdún 1957, Desilu ra ilé-iṣẹ́ sinimá RKO ní bí mílíọ̀nù 6 dọ́là. RKO yìí náà ni ó ti ń san owó ọ̀sẹ̀ fún Lucille, ibẹ̀ náà ni òun àti Desi ti pàdé.

Ta ni ó yẹ kí a kan sáárá sí? Desi ni ààrẹ Desilu títí di ọdún 1962, òun ni ó sì ń bá àwọn oníṣòwò dúnàádúrà. Àwọn tí ó ń pe Lucille ní ọlọ́gbọ́n ìṣòwò láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń fi èyí pamọ́. Àwọn tí ó sì ń sọ pé Desi ni ó ṣe gbogbo rẹ̀ gbàgbé pé láìjẹ́ pé Lucille kọ̀ láti ṣeré láìsí i, kì bá tí sí Desilu rárá. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà.

Ìgbéyàwó náà kò dúró. Ọtí àti obìnrin ń da Desi láàmú. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1960. Lucille lọ sí Broadway láti ṣe eré orin Wildcat, ó sì fẹ́ Gary Morton ní ọdún 1961. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, ó ra ìpín Desi nínú ilé-iṣẹ́ ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là, ó sì gba ipò ààrẹ. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá ní Hollywood. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ The Lucy Show, nínú èyí tí ó jẹ́ opó tí ó ń dá tọ́ ọmọ.

Lábẹ́ rẹ̀ ni Desilu ti ṣe Star Trek àti Mission: Impossible, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966. Owó tí ó ń bá wọn lọ ba àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ lẹ́rù. Lucille ni ó fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo. Ní ọdún 1967, ó ta Desilu fún Gulf and Western ní mílíọ̀nù 17 dọ́là, ilé-iṣẹ́ náà sì di apá kan Paramount. Ó padà sí iṣẹ́ eré, ó sì ń ṣe Here's Lucy títí di ọdún 1974. Nígbà tí ó tún gbìyànjú ní ọdún 1986 pẹ̀lú Life with Lucy, apá 8 péré ni ó jáde kí a tó dá a dúró. Ó kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, ọdún 1989.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé àdéhùn ọdún 1951 ni ó ya Lucille Ball sọ́tọ̀ láàárín àwọn òṣèré ìgbà rẹ̀. Nítorí pé fíìmù ni, iṣẹ́ náà kò ṣègbé bí ọ̀pọ̀ eré ojú ẹsẹ̀ ṣe ṣègbé. Nítorí pé tirẹ̀ ni, ó di owó, owó náà di ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì di ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti rí àyè ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni a fẹ́ fi parí. Kí wọ́n tó lè ra RKO, wọ́n ta I Love Lucy. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá tún eré náà wò ní ibikíbi ní ayé, èrè rẹ̀ kì í lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó jẹ́ Lucy. Àwọn tí wọ́n rò ní ọdún 1951 pé ìwé ìròyìn àná ni, ni wọ́n tún wá ń ká èso rẹ̀. Kò yẹ kí èyí mú wa sọ pé àdéhùn náà já sásán; ohun tí ó kọ́ wa ni pé níní iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń gbàgbé. Ó sì tún fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wa nínú ẹ̀ka yìí. A mọ iye tí CBS san fún Lucille àti Desi. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó tíì ṣírò ohun tí ó tọ́ sí àwọn tí wọ́n gbé orúkọ Ọbalúayé la òkun kọjá.